Jéèdì Ọjọ́ Mẹ́ta

Ọba kan ní ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́ pàṣẹ fún Shu, arúgbó tó ń gbẹ́ òkúta: "Jéèdì tí n óò so mọ́ ìgbànú mi, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fún ọ. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, mo bẹ́ ọ lórí." Bẹ́ẹ̀ jéèdì, òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé, kì í gbọ́ ti ọ̀bẹ, iyanrìn àti omi ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Shu forí balẹ̀. "Ẹ ó rí i gbà, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ jéèdì á mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń díwọ̀n ọlá ẹni tó so ó. Ọdún méjì ni mo fi ṣe ti ọba òdìkejì odò." Ọba fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ọdún mẹ́ta ni kí o fi ṣe tèmi," ló wí. "Bí o bá parí ẹ̀ ṣáájú, mo bẹ́ ọ lórí."