Obìnrin Tó Ń Gbálẹ̀ Lẹ́yìn Ọ̀gá
Ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ṣáínà wo Mojírádé, ẹni tí a jọ ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìrágbìjí, lójú fóònù, ó ní òun kò lè gbà á síṣẹ́, àfi ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó nawọ́ sí Kọ́lìn, òyìnbó tó jókòó ti ọ̀gá náà lọ́hùn-ún, pé irú èyí ni òun ń wá. Mojírádé ní, "Ó dáa, sà. Ìyá tó ń gbálẹ̀ lẹ́yìn yín yẹn, ṣé wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?" Ọ̀gá ní kò gbọ́ rárá. Mojírádé ní kí Kọ́lìn fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé kó jókòó. Kọ́lìn sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò yé ìyá náà. Ó wá fi ariwo sọ ọ́, ìyá fẹ́ sá jáde. Ni Mojírádé bá ní kí n bá òun di fóònù mú. Ó fa àga kan, ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà, ó jókòó. Ó dìde, ó tún sọ ọ́, ó tún jókòó. Nígbà tó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì jókòó ti ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá béèrè ìgbà tí Mojírádé lè dé. Oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ, gbogbo tísà ló sì ń yìn ín. Ọjọ́ Ajé tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá náà ti fi ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì yẹn kọ èmi náà, ìyá yẹn sì ń gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo tiẹ̀ juwọ́ sí ìyá náà.