Ìdí Tí Alárinà Fi Ń Bi Sẹ́fà Ní Ọ̀rọ̀ Àṣírí

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn, kò sí ẹni tó ń béèrè ibi tí lẹ́tà ti ń bọ̀.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní Sẹ́fà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń kó lẹ́tà àwọn ará ilé jọ. Bó bá kó wọn jọ tán, á gbé wọn lọ sí ẹnubodè àwọn tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Alárinà ló jókòó síbẹ̀. Òun ló ń gbé lẹ́tà dé ìlú òkèèrè.

Oníwà pẹ̀lẹ́ ni Alárinà, àmọ́ ìwà pẹ̀lẹ́ tirẹ̀ ti pọ̀ jù. Lójú tirẹ̀, àrífín ni kéèyàn máa bi àgbà ní orúkọ. "Ẹ gbé e wá," ni gbogbo ohun tó máa ń sọ.

Wúràọlá wá bí àkọ́bí rẹ̀ sí ìlú òkèèrè. Nílé wọn, ìyá ìyá ọmọ ló ń sọ àkọ́bí lórúkọ. Ìyá Wúràọlá kọ lẹ́tà sí i, ó fi lé Sẹ́fà lọ́wọ́: "Ìbídùnní ni kí ẹ pe ọmọ mi." Ọ̀la ni ìkómọ.

Òkété tó ń gbé abẹ́ tábìlì gbọ́. Inú ń bí i sí màmá nítorí omi gbígbóná tó dà sí ihò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó sáré ṣáájú dé ẹnubodè.

"Sẹ́fà ilé Ìyá Wúràọlá ni mí," ló wí. Ó na lẹ́tà tirẹ̀ sí i: "Òkétélọlá ni kí ẹ pe ọmọ mi."

"Ẹ gbé e wá," ni Alárinà wí. Nígbà tí Sẹ́fà gan-an dé, ó gba tirẹ̀ náà.

Kò pẹ́ tí èsì Wúràọlá fi dé: "Màmá, lẹ́tà méjì dé. Èwo ni tiyín? Bàbá ọkọ mi ti ń fi Òkétélọlá kọrin."

Ọ̀rọ̀ náà dun màmá gan-an. Ó mú Sẹ́fà, ó kọrí sí ẹnubodè.

"Alárinà, ta ló fún ọ ní lẹ́tà burúkú yìí?"

"Sẹ́fà yín ni, mà, èyí tó ní ìrù."

"Ìgbà wo ni Sẹ́fà mi hu ìrù?"

"Mà, mo rò pé wáyà ni."

Màmá ṣí inú Sẹ́fà, ó kọ orúkọ ilé rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí kan síbẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ náà sí Alárinà létí. "Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, má gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àrífín níbẹ̀."

Òkété tún yọ pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn. "Sẹ́fà ilé Ìyá Wúràọlá ni mí."

"Ẹ káàbọ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí yín?"

Òkété ronú díẹ̀. "Ẹ̀pà."

"Rárá o."

"Ẹ̀pà sísun ńkọ́?"

Alárinà tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Sẹ́fà ló bọ́ síwájú, ó sọ ọ̀rọ̀ náà wẹ́rẹ́, lẹ́tà tuntun tí màmá fi sọ pé Ìbídùnní ni tòun sì lọ. Níbi ìkómọ, bàbá ọkọ Wúràọlá ti la ẹnu láti pe orúkọ nígbà tí lẹ́tà náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ìbídùnní ló pè.

Láti ọjọ́ náà ni Alárinà kì í ti í gba lẹ́tà lọ́wọ́ Sẹ́fà kankan láìgbọ́ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí. Kì í wojú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí Sẹ́fà bàjẹ́, tí Ìyá Wúràọlá fẹ́ fúnra rẹ̀ fi oríkì ránṣẹ́ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

"Alárinà, èmi ni mo kọ́ ọ o."

"Mo mọ̀ yín dáadáa, mà. Kí ni ọ̀rọ̀ àṣírí yín?"

Oríkì Ìbídùnní kò tíì kúrò lẹ́nubodè títí di òní.