Ìdí Tí Iyọ̀ Fi Ń Jókòó Sójú Ilẹ̀ Oko

Nígbà láéláé, Omi mú Iyọ̀ wá sí oko Ọ̀yà, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ láìsìn ín padà sílé.

Òjò kì í sábà rọ̀ ní ilẹ̀ náà. Nígbà tí ọkà Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó bẹ Alákàn kí ó gbẹ́ ọ̀nà omi láti odò wá sí oko. Omi ṣe tán láti lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá rìn. Ó pe Iyọ̀, tí wọ́n jọ wà nínú odò.

Iyọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní òkun ni mo ń lọ."

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ fún ọkà lómi. Tí a bá ṣe tán, èmi fúnra mi ni n ó sìn ọ́ délé."

Wọ́n jọ ṣiṣẹ́ náà. Ọkà yọ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn mú, ó na ọwọ́ sí Omi, Omi sì bá a lọ sókè, kò wẹ̀yìn. Iyọ̀ kò lè fò. Inú ilẹ̀ ló kù sí.

Ó lọ bá Ọ̀yà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la ọ̀nà kan sí i, láti oko sí òkun, kí omi mìíràn lè gbé mi lọ sílé."

"Ilẹ̀ tí mo lè gbin ọkà sí?" Ọ̀yà ń jẹ pòròpórò lọ. "Ta ló tiẹ̀ ń rí ọ? Dúró sísàlẹ̀ níbẹ̀."

Alákàn dá sí i. "Bàbá Ọ̀yà, ní ìlú wa, a máa ń sin àlejò sọ́nà. Níjẹta, ẹ sin Ìgbín dé ẹnu ibodè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ yín ló wá jẹ. Eléyìí bá yín ṣiṣẹ́."

"Ìwọ tí ò ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ìwọ ni yóò wá kọ́ mi bí a ti ń la ọ̀nà?"

Iyọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí omi tún wọ oko, ó dì mọ́ ọn, ó rọra gòkè, ó sì jókòó sójú ilẹ̀, funfun báláú, níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ewé ọkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ.

Ọ̀yà sáré dé. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"N kò bá yín jà, bàbá. Ọ̀nà ilé mi ni mò ń dúró dè."

Láti ọjọ́ náà ni oko tí wọ́n ń bomi rin, tí wọn kò la ọ̀nà ìjáde fún omi rẹ̀, ti ń funfun, tí ọkà kì í ṣe dáadáa níbẹ̀. Iyọ̀ ló jókòó. Kò sì ní dìde, àfi bí wọ́n bá gbẹ́ ọ̀nà tí yóò gbé e délé.