Ọdẹ́níran Nínú Igbó Inú Ewé Iṣu

Ẹ ti ń fura, ẹ̀yin ènìyàn mi, pé ọdẹ tí ó bá ń fi ẹnu pa erin nílé kì í sábà fi ìbọn pa òkété lóko. Ìfura yín kò ṣìnà. Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́níran. Ọmọ ọdẹ ni, ọmọ ọmọ ọdẹ sì ni. Bí ó bá ń ki ara rẹ̀, ẹ ó rò pé inú àpò rẹ̀ ni ẹkùn ń sùn. Ní ọdún tí oòrùn gbóná bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, ewé iṣu oko rẹ̀, bíi ti gbogbo ará àdúgbò, bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Oko yìí nìkan ni òun àti Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, gbójú lé.

“Bàbá Àjọkẹ́,” ni Àwẹ̀ró wí, “ẹ jẹ́ kí á dúró wò ó ná. Ewé a máa mọ ọgbọ́n ara rẹ̀.”

“Ewé kẹ̀? Ẹbọra kan ló wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo máa gbé bọ̀.”

Ó pọfọ̀, ó kéré ju èèrà lọ, ó sì gba ọ̀kan nínú àwọn ẹnu wẹ́wẹ́ tí ewé fi ń mí, tí ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, wọlé. Ojú rẹ̀ dàrú. Òkè jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ilẹ̀ jẹ́ omi. Kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kò mọ ibi tí orí ń kọ sí. Àwọn iwin aláwọ̀ ewé, tí wọ́n rí roboto bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi, ń fi oòrùn dáná, wọ́n ń se oúnjẹ. Ṣùgbọ́n oòrùn ti pọ̀ ju ohun tí ààrò gbà lọ. Iná ń ta pàrà, àwọn ẹ̀ta-iná sì ń sáré gba ọ̀nà ààfin Ọba Inú Ewé lọ. Wọ́n ń jó ògiri bí wọ́n ti ń kọjá. Síbẹ̀, àwọn iwin ń yà fún wọn bí ẹni tí ń yà fún àlejò pàtàkì. Èyí tún da ọdẹ lójú rú.

Adánáoòrùn, àgbà iwin, dá a dúró. “Ọmọ aráyé, kí ni ń jó ilé, tí ó sì ń gba ilé là?”

“Kò sí irú rẹ̀! Èyí tó ń jó ilé, ọ̀tá ni.”

“Áà! Ọ̀rọ̀ ewé ni mo bi ọ́, ti ẹran igbó ni o fi ń dá mi lóhùn.”

“Bàbá, ẹ dojú kọ ìkòkò yín.”

Ẹ sì mọ àṣà ọdẹ: bí nǹkan bá mi igbó, ọdẹ a kọ́kọ́ pè é. Ènìyàn a dáhùn. Èyí tí kò bá dáhùn, ẹran ni. Ọdẹ́níran pè: “Ta nìyẹn o?” Ẹ̀ta-iná kò fọhùn. Ó tún pè. Kẹ́kẹ́ pa. Gbàù! Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ láti ewé dé ewé nínú oko rẹ̀, tí ó ń pè, tí ó ń yìnbọn, títí kò fi ku ẹyọ kan lójú ọ̀nà ààfin.

Adánáoòrùn káwọ́ lérí. “Wọn kò ní ẹnu, ìwọ ọkùnrin yìí! Ara gbígbóná wọn ni iṣẹ́ tí a rán wọn. Bí ọba bá rí wọn ni yóò tó mọ̀ pé ilé ń jó, tí yóò sì ṣí àká, tí yóò kó àwọn apanápaná síta. Ta ni yóò wá sọ fún un báyìí?”

Ọdẹ́níran wo ààfin. Ìlẹ̀kùn pa dé; ọba ń sùn fọnfọn. Ọ̀rọ̀ náà kọ ọ́ lóminú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìlara ló ń pa iwin náà.

Ó tún pọfọ̀, ó jáde nínú ewé, ara rẹ̀ padà sípò. Ó délé, ó jókòó sí gbàgede, àwọn ará àdúgbò yí i ká. “Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ni ó wí, “ẹ fi ìrìn mi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ohun tí kò bá dáhùn nígbà tí ẹ pè é, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá. Ẹni tó bá lóko kí ó wá bẹ̀ mí. Mo ti gba tèmi là.”

Àwẹ̀ró ti oko dé, ó sọ ahá omi kalẹ̀.

“Bàbá Àjọkẹ́, iṣu gbogbo ará àdúgbò ti ń tutù padà. Tiwa nìkan ló kú.”