Férémù Méjì Tó Kù

Lẹ́yìn tí Bàbá Ìbídùn fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, oyin ló ń sìn lóko fi najú. Nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, ó yọ férémù mẹ́jọ, igi onígun mẹ́rin tí oyin ń kọ́ afárá sí, nínú àpótí oyin, ó fi ọ̀bẹ ṣí ìda ojú wọn, ó kó wọn sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún oyin, ó ń yí i. Oyin ń ṣàn. Ó tún fẹ́ yọ méjì tó kù.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Ìbídùn, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Kí ni wọ́n máa jẹ lójò?"

"Ṣé kòkòrò ni kí n bá pín in?" Ó yọ méjèèjì.

Òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó padà ṣí àpótí, gbogbo kòkòrò oyin náà ti ṣí lọ. Ó gbé àpótí òfìfo karí, ó forí lé ilé.

Ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

"Mo ti gbọ́. Sọ̀ mí ná, ọrùn ń ro mí."