Àjẹ̀ Tí Akíntìmẹ́yìn Gbé Sókè

Ọkọ̀ ńlá olópó ìgbòkun mẹ́ta kan ló kó ìbànújẹ́ bá àwọn baba ńlá wa ní Àgọ́-Ìyanrìn. Abara-Dúdú ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn ló kọ́kọ́ ń kó. Nígbà tí òfin de òwò ẹrú, ó di ọkọ̀ elépo, ó ń fi iyọ̀ àti aṣọ ra epo wa, ọkàn sì balẹ̀. Ó tilẹ̀ di àṣà pé bí àgbá epo bá ti kún inú rẹ̀, àwọn tó ta epo a gòkè lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ jẹun ìdágbére. Àṣà yìí ló kó bá wa. Lọ́dún kan, bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀ ni àwọn òyìnbó tilẹ̀kùn mọ́ wọn láti kó wọn lọ tà lẹ́rú. Àńkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Akíntìmẹ́yìn bí, wà nínú wọn.

Akíntìmẹ́yìn, arí-ìsàlẹ̀-omi-bí-àtẹ́lẹwọ́, ni atọ́nà ọkọ̀. Iyanrìn ẹnu ọ̀sà wa a máa ṣí kiri. Ọkọ̀ òyìnbó kan kì í jáde láìjẹ́ pé Akíntìmẹ́yìn dúró sí iwájú ọkọ̀ náà, kó gbé àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀ sókè níbi tí omi bá ti jìn, kó sọ ọ́ kalẹ̀ níbi tí kò bá jìn. Ọ̀gá ọkọ̀ ránṣẹ́ sí i pé bí ó bá mú àwọn jáde, òun á dá Àńkẹ́ nìkan padà fún un.

Lébí, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ gba ọmọ yín. Ẹ jẹ́ ká máa sunkún tiwa.”

Ó dáhùn pé, “Ojú wo ni mo máa fi wo ìwọ tí ìyàwó rẹ wà níbẹ̀? Kó gbogbo ọkọ̀ wa sẹ́yìn Iyanrìn Pupa, níbi tí omi kò ti jìn. Bí Abara-Dúdú bá ti jókòó sórí rẹ̀, ẹ yára kó àwọn èèyàn wa. Ẹ má wò mí.”

Omi ti ń fà sẹ́yìn nígbà tí Akíntìmẹ́yìn dúró síwájú Abara-Dúdú. Ó rí iyanrìn náà kedere, ó sì gbé àjẹ̀ sókè síbẹ̀. Abara-Dúdú rọra gun orí ilẹ̀, kò sì tún kúrò níbẹ̀ mọ́. Àwọn òyìnbó yìnbọn pa á kí ó tó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Bí àwọn ọkọ̀ Lébí ti ya dé ni àwọn atukọ̀ òyìnbó bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré wọn, wọ́n sá lọ. Lébí fi àáké la ilẹ̀kùn. Gbogbo èèyàn wa ló jáde láàyè.

Àńkẹ́ ló gbé òkú bàbá rẹ̀ lé itan nínú ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ Lébí. Wọ́n ní kó bá àwọn tukọ̀, ó tẹ́ àjẹ̀ sílẹ̀, kò lè gbé e. Àwọn yòókù wò ó, wọ́n tẹ́ tiwọn náà sílẹ̀, omi tó ti ń kún padà sì gbé wọn lọ sílé. Títí dòní, ẹni tó bá dé Iyanrìn Pupa kì í tukọ̀. A máa ń tẹ́ àjẹ̀ sílẹ̀ títí omi á fi gbé wa kọjá.