Ọwọ́ Òsì Ọdẹ́rìndé

Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọdẹ́wálé, ará Ìdí-Àfọ̀n, ni wọ́n rẹ́ jẹ ní ọdún 1934, títí di òní a kò rí ẹni tó tọrọ àforíjì. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, ilé-iṣẹ́ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó ń gé gẹdú nínú igbó ìlú fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí odò Aró ká, wọ́n ní ẹ̀rọ ìlagi àwọn nìkan ni yóò máa lò ó. Kò sí odò mìíràn nítòsí. Àwọn ìyá ń fi aṣọ sẹ́ omi ẹrẹ̀ fún ọmọ, àwọn mìíràn ti ń di ẹrù láti ṣí kúrò nílùú.

Ta wá ni Ọdẹ́rìndé? Apá-bí-ọfà, a-sọ̀kò-lẹ́yẹ-kẹ́yẹ-tó-rántí-ìyẹ́. Ẹyẹ ló ń lé lóko ìrẹsì baba rẹ̀, ọwọ́ òsì ló sì fi ń sọ òkò. Ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ló gbà á síṣẹ́, kì í ṣe láti gé igi, bí kò ṣe láti máa ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ eléré wọn. Bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pe eré náà: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù líle, ẹnì kejì á fi kùmọ̀ gbá a, á sì sá yípo pápá fún ayò kan, bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó jáde. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní Ìdí-Àfọ̀n tó fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun. Ó bá wọn ṣeré dé gbogbo èbúté, kò sì sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lè rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbá. Ohun kan ló ń ya ènìyàn lẹ́nu: bí onírun funfun bá ti mú kùmọ̀, Ọdẹ́rìndé á gbé bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ ọ̀tún, bọ́ọ̀lù á sì rọ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé a kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Eléwú nítorí ewú orí rẹ̀, ti kíyè sí èyí.

Nígbà tí wọ́n dí odò, Ọdẹ́rìndé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó dúró níwájú ilé Eléwú, gbogbo ìlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí eré yín dájọ́. Bí a bá borí, ẹ ká wáyà yín. Bí ẹ bá borí, n óò máa ju bọ́ọ̀lù fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ títí n óò fi kú." Eléwú rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ọdẹ́rìndé bá kó àwọn ọ̀dọ́ ìlú jọ, ó kọ́ wọn.

Lọ́jọ́ eré, ìyá arúgbó kan pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Rìndé, ta ló ń lé àwọn tó ń sáré yìí?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé wọn, Ìyá."

"Ibi tí wọ́n ti gbéra náà ni wọ́n sì ń sá padà sí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Àwọn wọ̀nyí ló wá gba odò lọ́wọ́ wa."

Ìlú ní ayò mẹ́rin, ilé-iṣẹ́ ní mẹ́ta. Méjì nínú àwọn eléré ilé-iṣẹ́ ti wà lójú ọ̀nà, wọ́n ń dúró kí ẹni ìkẹyìn gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n lè sá wálé. Eléwú fúnra rẹ̀ ni ẹni ìkẹyìn náà. Ó ṣí fìlà kí ewú rẹ̀ lè hàn. Ọdẹ́rìndé gbé bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ ọ̀tún, ó jù ú, Eléwú sì gbá a dé eteetí igbó. Díẹ̀ báyìí ló fi bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá. Ìkùnà kan nìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ti rí ibi tí èkejì yóò balẹ̀ sí.

Baálẹ̀ dìde. "Ọdẹ́rìndé, ta ni o ń bọ̀wọ̀ fún?"

"Baba, irun rẹ̀ funfun."

"Òwú náà funfun. Ẹni tó fi ẹ̀gún dí omi mọ́ ọmọdé kì í ṣe àgbà. Ọwọ́ tí Ẹlẹ́dàá fún ọ ni kí o lò."

Ọdẹ́rìndé pààrọ̀ ọwọ́. Eléwú gbá afẹ́fẹ́. Ó tún gbá afẹ́fẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń ká wáyà.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni a fi ń bu omi Aró fún àlejò ní Ìdí-Àfọ̀n, kò sì sí àgbà tó ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà lé Ọdẹ́rìndé kúrò ní gbogbo pápá wọn títí apá rẹ̀ fi gbó, wọ́n sì ri òkúta kan mọ́ etí odò, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwọn ni wọ́n fi odò náà ta ìlú lọ́rẹ. Wọ́n ti kó lọ tipẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kun òkúta náà lọ́dà lọ́dọọdún, irọ́ náà sì ń dán. Ní oṣù tó kọjá, a bá àwọn akunlé ìjọba níbẹ̀, a sọ fún wọn pé: "Ẹ pa ìyẹn rẹ́, kí ẹ kọ orúkọ Ọdẹ́rìndé síbẹ̀."

Ọ̀gá wọn gbọ́. Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, ó ń kun irọ́ náà lọ.